Ọ̀jọ̀gbọ́n Adégòkè Olúbùmmọ́, Àgbà Onímọ̀ Ìṣirò

Ẹni tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adégòkè Olúbùmmọ́.

Ọdún 1923 ni wọ́n bí i, ní Ọ̀rìn-Èkìtì. Kò tíì sí yunifásítì kankan ní Nàìjíríà nígbà yẹn. Ọdún 1948 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ n'Ìbàdàn. Ẹlẹ́yẹlé, tí kò jìnnà sí Onírèké wa yìí, ló ti bẹ̀rẹ̀, nínú ilé tó jẹ́ ọsibítù àwọn sójà tẹ́lẹ̀, kó tó kó lọ sí ibi tó wà báyìí.

Olúbùmmọ́ lọ kàwé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì gboyè dókítà nínú ìṣirò ní Yunifásítì Durham lọ́dún 1955. Nínú gbogbo ọmọ Nàìjíríà, Chike Obi nìkan ló gba irú oyè yẹn ṣáájú rẹ̀, lọ́dún 1950. James Ezeilo ṣe ẹ̀kẹta lọ́dún 1959. Ẹni mẹ́ta péré fún odidi orílẹ̀-èdè! Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì kọ́ni n'Ìbàdàn, torí igi kan ò lè dá igbó ṣe.

Ẹ̀ka ìṣirò tí Olúbùmmọ́ yàn láàyò ni wọ́n ń pè ní functional analysis. Ẹ̀ka yìí ń kọ́ wa bí a ṣe lè wọn bí nǹkan méjì ṣe jìnnà síra tó, kódà bí wọn ò bá ṣeé fi rúlà wọ̀n, bí ìró ohùn ẹni méjì.

Kí ló kàn wá níbẹ̀? Lóde òní, iṣẹ́ ìwádìí machine learning àti data science ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń fẹ́ ṣe ní yunifásítì. Ẹni tó ń ṣe é máa ń kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwòrán tàbí ohùn fún kọ̀ǹpútà, kó lè mọ èyí tó jọra. Lára ìṣirò tí wọ́n fi ń wọn ìjọra yẹn, inú functional analysis ló ti wá. A ò ní purọ́ mọ́ òkú: Olúbùmmọ́ ò ṣe machine learning. Ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ tí wọ́n ń kọ́ ilé náà lé, òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ n'Ìbàdàn.

Ọdún 1992 ló kú. Oyè tó lọ gbà lókè òkun, ó gbé e wálé ni, ó sì fi kọ́ àwọn ẹlòmíì. Lónìí, ọ̀pọ̀ ẹ̀gbọ́n wa tó mọ ìṣirò ló ti jápa. A ò dá wọn lẹ́bi, ó níbi tí bàtà ti ń ta kálukú lẹ́sẹ̀. Àmọ́ tí gbogbo wọn bá lọ tán, ta ni yóò kọ́ àwọn àbúrò wa?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sá jáde tí tíṣà ìṣirò bá ti ń bọ̀, ẹ jókòó o. Ẹnu ọ̀nà iṣẹ́ tẹ́ ẹ ń fẹ́ lẹ̀ ń sá kúrò yẹn.