An Wang, ẹni tó gba akọ̀wé lọ́wọ́ títẹ̀-àtúntẹ̀

Bí a bá ṣi ọ̀rọ̀ kan tẹ̀ lórí Word lónìí, a ó kàn pa á rẹ́ ni. Láyé tàípíráítà, àṣìṣe kan lè mú kí akọ̀wé tún odidi ojú ìwé tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. An Wang wà lára àwọn tó yọ wọ́n nínú wàhálà yìí.

Shanghai, ní ilẹ̀ Ṣáínà, ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1920. Ó dé Amẹ́ríkà ní 1945, ó gboyè ọ̀mọ̀wé ní Harvard ní 1948, ó sì fi 600 dọ́là dá iléeṣẹ́ Wang Laboratories sílẹ̀ ní 1951.

Ní 1976 ni wọ́n gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé olójú bíi ti tẹlifíṣọ̀n jáde. Ohun tí akọ̀wé bá tẹ̀ á hàn níwájú rẹ̀. Á tún un ṣe, á fi pamọ́ sórí díìsìkì, kó tó wá sórí bébà. Iṣẹ́ tí ẹ̀rọ lè ṣe wà lójú rẹ̀ níbẹ̀, kó kàn yan èyí tó fẹ́. Lẹ́tà tó ń lọ sọ́dọ̀ ogún ènìyàn, ẹ̀ẹ̀kan ni yóò tẹ̀ ẹ́; orúkọ ló máa ń yí padà. (Ọ̀pọ̀ nínú wa ò tíì mọ bí a ṣe ń ṣe èyí lórí Word títí dòní o!)

Kọ̀ǹpútà IBM dé ní 1981. Ó ń tẹ ìwé, ó tún ń ṣe ìṣirò, bẹ́ẹ̀ ìwé títẹ̀ ni wọ́n dìídì ṣe ẹ̀rọ Wang fún. Ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́. Wang fi Fred ọmọ rẹ̀ ṣe ààrẹ iléeṣẹ́ ní 1986. Ní 1989, bàbá náà ló tún yọ ọ́. Lójú tèmi, ìyẹn á dùn ún ju owó tó sọnù lọ.

Àrùn jẹjẹrẹ ló pa á ní oṣù kẹta ọdún 1990. Ní 1992, gbèsè gbé iléeṣẹ́ náà dé kóòtù.