Hubert Ògúńdé àti Owó Tíkẹ́ẹ̀tì



Ọdún 1916 ni wọ́n bí Hubert Ògúńdé ní Òṣósà, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde. Ó ṣe tíṣà, ó tún ṣe ọlọ́pàá. Lọ́dún 1944, ó gbé eré àkọ́kọ́ lọ sí Glover Hall l'Ékòó, kí ìjọ rẹ̀ lè rówó kọ́ ilé ìsìn. Ṣé ẹ rí i? Torí owó ilé leré yẹn ṣe bẹ̀rẹ̀.

Kò pẹ́ tó fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀. Owó tíkẹ́ẹ̀tì ló fi ń bọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, torí náà kò jókòó sílé máa retí èrò. Ó kó wọn sọ́kọ̀, wọ́n ń ti ìlú dé ìlú, títí dé Gánà. Ní 1964, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ náà nítorí eré Yorùbá Ronú. Ọdún 1966 ni wọ́n tó tú u sílẹ̀. Ògúńdé ò jáwọ́. Nígbà tó yá, ó bọ́ sórí fíìmù, ó ṣe Aiyé. London ló kú sí ní 1990, àmọ́ Òṣósà ni wọ́n sin ín sí.

Ẹ̀yin èèyàn wa, òrùlé gbọ̀ngàn ìlú ń jò. Eré táwa ọ̀dọ́ ń múra rẹ̀ la fẹ́ fi tún un ṣe. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ̀ ń fi àtàǹpàkò dá wa lóhùn lórí WhatsApp, ṣùgbọ́n àtàǹpàkò ò lè ra páànù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ra méjì: ọ̀kan fún ara yín, ọ̀kan fún aládùúgbò yín.