Joseph Whitworth, ọkùnrin tó mú kí nọ́ọ̀tì gbogbo ìlú bá ara wọn mu

Ẹnikẹ́ni tó bá ń ta ohun èlò mọ́tò àti ti ẹ̀rọ bíi tèmi ní Panteka, Kàdúná níbí, á ti rí irú ìjà yìí rí. Ọmọ iṣẹ́ kan á wá ra nọ́ọ̀tì ìdajì íǹṣì, á mú un lọ fún ọ̀gá rẹ̀. Kò ní pẹ́ tó fi máa padà dé, ojú rẹ̀ á ti le. Nọ́ọ̀tì náà yí ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, ó sì há. Wọ́n fi sípánà ńlá fi agbára tì í, eyín bóòtù sì bọ́. Ta ni wọ́n máa bú? Èmi tí mo tajà náà ni.

Ó pẹ́ díẹ̀ tí mo ti wà lẹ́nu òwò yìí kí bàbá kan tó là mí lójú. Ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni bàbá náà, iṣẹ́ léètì ló ń ṣe nínú ọjà. Ó gbé bóòtù méjì sílẹ̀ níwájú mi, ó ní kí n ka eyín wọn láàárín íǹṣì kan. Mo kà á: ọ̀kan ní 12, èkejì ní 13. Ìdajì íǹṣì làwọn méjèèjì o, ṣùgbọ́n ọ̀kan jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, èkejì jẹ́ ti Amẹ́ríkà. Bàbá ní Whitworth ni wọ́n ń pe ti Gẹ̀ẹ́sì yẹn, ó ní orúkọ èèyàn ni. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá ìtàn ọkùnrin yìí kà. Òun ni mo fẹ́ sọ fún yín lónìí.

Wọ́n bí Joseph Whitworth ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 1803 ní Stockport, ìlú kan tí kò jìnnà sí Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Olùkọ́ ni bàbá rẹ̀, ó sì di pásítọ̀ nígbà tó yá. Ọdún 1814 ni ìyá rẹ̀ kú, ilé sì tú ká. Wọ́n rán ọmọ náà lọ sí ilé ìwé lápá Leeds. Nígbà tó di ọmọ ọdún 14, wọ́n fi í sọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí kan tó ní ilé iṣẹ́ tó ń ran òwú ní Derbyshire, pé kó kọ́ òwò níbẹ̀. Ọmọ náà kò fẹ́ràn òwò òwú rárá. Ẹ̀rọ tó ń ran òwú náà lojú rẹ̀ ń wò. Nígbà tó tó nǹkan bí ọmọ ọdún 18, ó fi ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ láìdágbére, ó gba Manchester lọ, ó sì di mẹkáníìkì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti sá nílé rí nítorí iṣẹ́ tọ́kàn yín fẹ́, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ.

Lọ́dún 1825, ó gbé Fanny Ankers níyàwó, ọmọ ọlọ́kọ̀ ojú omi. Wọ́n ṣí lọ sí Lọ́ńdọ́nù. Ìdí tó fi lọ síbẹ̀ ni pé ibẹ̀ ni àwọn ọ̀gá tó mọ iṣẹ́ irin jù lọ wà. Ó ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Henry Maudslay, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ mọ léètì. Ó tún ṣe lọ́dọ̀ Joseph Clement, ọkùnrin tó ń bá Charles Babbage kan ẹ̀rọ ìṣírò, èyí tí àwọn èèyàn ń kà sí bàbá kọ̀ǹpútà òde òní. Nínú ṣọ́ọ̀bù àwọn èèyàn wọ̀nyí ni Whitworth ti kọ́ ohun tó sọ ọ́ di èèyàn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ọ̀kan níbẹ̀, nítorí ó wúlò fún ọmọ iṣẹ́ títí dòní. Láyé ìgbà náà, bí wọ́n bá fẹ́ kí irin pẹlẹbẹ méjì tẹ́jú, wọ́n á wọ́n iyanrìn líle sáàárín wọn, wọ́n á máa fi ọ̀kan lọ èkejì. Ẹ̀tàn wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan lè wú láàárín, kí èkejì tẹ̀ wọnú, síbẹ̀ kí wọ́n bá ara wọn mu. Irin mẹ́ta ni Whitworth lò. Á fi ọ̀dà díẹ̀ pa ojú ọ̀kan, á gbé e lé èkejì. Ibi tí ọ̀dà bá ti lẹ̀ mọ́ èkejì, ibẹ̀ ló ga. Á wá fi irin mímú há ibẹ̀ kúrò díẹ̀díẹ̀. Kìíní á bá ìkejì mu, ìkejì á bá ìkẹta mu, ìkẹta á bá kìíní mu. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti bá ara wọn mu báyìí, kò sọ́gbọ́n tí ọ̀kan fi lè wú tàbí tẹ̀, àfi kí gbogbo wọn tẹ́jú pẹrẹsẹ. Ní ṣọ́ọ̀bù Maudslay ni wọ́n ti ń wá ojú irin tó tẹ́jú kiri ṣáájú; Whitworth ló wá ṣe é débi pé kò sẹ́ni tó tún jiyàn. Lọ́dún 1840, ó lọ sí Glasgow, ó sì sọ bó ṣe ń ṣe é fún àwọn ọ̀mọ̀wé tó péjọ síbẹ̀, kúlẹ̀kúlẹ̀.

Nígbà yẹn, ó ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Lọ́dún 1833 ló padà sí Manchester, ó rẹ́ǹtì yàrá kan tí wọ́n ń fa agbára ẹ̀rọ olóoru wọ̀, ó sì gbé pátákó síta pé ẹni tó ń ṣe irinṣẹ́ ni òun, àti pé Lọ́ńdọ́nù lòun ti wá. Ẹ ò rí i? Irú pátákó yẹn kún Nàìjíríà. Àmọ́ ní tirẹ̀, iṣẹ́ náà jọ ohun tí pátákó sọ.

Ìṣòro tó wà nílẹ̀ nígbà náà ni ti bóòtù àti nọ́ọ̀tì. Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ló ń gé eyín tirẹ̀ bó ṣe wù ú. Ti ẹni yìí ṣe ṣóńṣó, ti ẹni yẹn fẹ̀. Ẹni yìí ní eyín mẹ́wàá láàárín íǹṣì, ẹni tó múlé tì í ní mọ́kànlá. Bí o bá ra ẹ̀rọ lọ́wọ́ lágbájá, tí nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo sọnù, ọ̀dọ̀ lágbájá náà lo máa padà sí. Bí lágbájá bá ti kú ńkọ́? Wàhálà dé nìyẹn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ń kọ́ ojú irin rélùwéè káàkiri ní àsìkò yẹn, ọkọ̀ tí wọ́n kàn ní ìlú kan lè bàjẹ́ ní ìlú mìíràn tó jìnnà.

Ohun tí Whitworth ṣe ló wù mí jù. Kò jókòó sínú yàrá kó kàn dá òfin sílẹ̀. Ó kó bóòtù jọ láti ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó wọn eyín wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì wá ibi tí gbogbo wọn ti lè pàdé láàárín. Ibi tó já sí ni pé kí igun eyín jẹ́ dígírì 55, kí orí eyín àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ rí róbótó. Ó wá yan iye eyín fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan: bóòtù ìdámẹ́rin íǹṣì á ní eyín 20 láàárín íǹṣì, ìdajì íǹṣì á ní 12, íǹṣì kan á ní 8. Lọ́dún 1841, ó gbé gbogbo rẹ̀ lọ sí ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà ní Lọ́ńdọ́nù, ó kà á sí etí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ń bá a du oníbàárà náà wà lára àwọn tó lè mú un lò.

Lójú tèmi, ìdí tó fi rọrùn fún wọn láti gbà nìyẹn: ẹnì kọ̀ọ̀kan rí díẹ̀ lára iṣẹ́ tirẹ̀ nínú rẹ̀. Àwọn àgbà wa sọ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹ má sì rò pé ó pàdánù o. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló ń ṣe irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń gé eyín náà, ó sì ń tà á. Bí àwọn tó gba ìwọ̀n rẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí i ni ọjà rẹ̀ ń yá. Èmi tí mo jẹ́ òǹtajà, mi ò lè gbójú fo ìyẹn.

Àwọn ilé iṣẹ́ rélùwéè gbà á, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí ogun Crimea le, ní nǹkan bí ọdún 1855, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nílò ẹ́ńjìnnì bí 90 kíákíá fún ọkọ̀ ogun kéékèèké. Ṣọ́ọ̀bù kan kò lè ṣe é. Ẹnjiníà John Penn tú ẹ́ńjìnnì tó ti wà nílẹ̀ palẹ̀, ó pín àwọn ẹ̀yà rẹ̀ fún oríṣiríṣi ṣọ́ọ̀bù pé kí wọ́n ṣe irú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kó wọn jọ, wọ́n bá ara wọn mu, torí ìwọ̀n Whitworth ni gbogbo wọn ń lò. Láàárín oṣù díẹ̀, iṣẹ́ parí.

Whitworth tún ṣe ẹ̀rọ ìwọ̀n kan tó lè mọ ìyàtọ̀ tó kéré tó ìdá kan nínú mílíọ̀nù íǹṣì. Níbi àfihàn ńlá tí wọ́n ṣe ní Lọ́ńdọ́nù lọ́dún 1851, iṣẹ́ rẹ̀ gba oríyìn. Àwọn ẹgbẹ́ ẹnjiníà tó ń kan ẹ̀rọ sì fi í ṣe ààrẹ wọn ní 1856.

Ṣùgbọ́n èèyàn ni, kì í ṣe áńgẹ́lì. Olórí kunkun ni. Ó ṣe ìbọn kan tí ihò ẹnu rẹ̀ ní igun mẹ́fà. Nígbà tí wọ́n dán an wò ní 1857, ó ta èyí tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń lò yọ dáadáa. Ìjọba kọ̀ ọ́, owó rẹ̀ ti pọ̀ jù. Àwọn ọmọ ogun ìpínlẹ̀ gúúsù Amẹ́ríkà, àwọn tó ń jà kí oko ẹrú má bàa parí, lo díẹ̀ nínú rẹ̀ láti fi pa èèyàn láti ọ̀nà jíjìn. Mi ò lè fi apá yẹn pamọ́ fún yín, nítorí àwọn èèyàn wa wà lára àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun.

Lọ́dún 1864 ni William Sellers ní Philadelphia dìde, ó ní orí eyín róbótó ti Whitworth nira láti gé. Ó mú dígírì 60 wá, orí eyín tirẹ̀ sì tẹ́jú, tí òṣìṣẹ́ lásán lè ṣe. Ó fi eyín 13 sí ìdajì íǹṣì. Amẹ́ríkà gba ti Sellers, Gẹ̀ẹ́sì dúró sórí ti Whitworth. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, nọ́ọ̀tì àwọn orílẹ̀-èdè méjèèjì kò bá ara wọn mu, bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kan náà ni wọ́n ń jà fún. Ọdún 1948 ni Amẹ́ríkà, Gẹ̀ẹ́sì àti Kánádà tó fọwọ́ sí ìwé pé kí àwọn jọ lo dígírì 60. Ìjà tó ń ṣẹlẹ̀ ní iwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Lọ́dún 1868, Whitworth ya owó sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ ọgbọ̀n ọ̀dọ́, 100 pọ́n-ùn fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́dún. Kò fẹ́ ẹni tó mọ ìwé nìkan, kò sì fẹ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ ọwọ́ nìkan. Ó fẹ́ ẹni tó mọ méjèèjì. Wọ́n ṣì ń fún àwọn ọ̀dọ́ ní ẹ̀bùn náà títí dòní. Ọdún 1869 ni wọ́n fi oyè baronet dá a lọ́lá. Kò bí ọmọ. Nígbà tó kú ní Monte Carlo ní ọjọ́ 22 oṣù Kìíní ọdún 1887, púpọ̀ nínú ọrọ̀ rẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn àti ohun amáyédẹrùn fún àwọn ará Manchester.

Ẹ lè sọ pé tàtijọ́ nìyẹn, pé mílímítà la ń lò báyìí. Òótọ́ ni fún bóòtù mọ́tò. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo ẹ̀rọ omi ilé yín. Páìpù ìdajì íǹṣì tí púlọ́ńbà ń de mọ́ ògiri, eyín 14 láàárín íǹṣì ló ní, igun rẹ̀ sì jẹ́ dígírì 55. Eyín Whitworth ni. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí púlọ́ńbà ní Kàdúná fi lè de ẹ̀rọ omi tí wọ́n rà ní Èkó láìjà.

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ bàbá oníléètì. Ní ìpàdé wa tó kọjá, wọ́n kéde pé bàbá fẹ́ padà sílé pátápátá. A dá owó, a gbàdúrà fún un. Kò sẹ́nì kan, tó fi mọ́ èmi náà, tó béèrè pé ta ni bàbá kọ́ ní iṣẹ́. Nígbà tí mo délé ló tó yé mi pé kò sí ọmọ iṣẹ́ kankan lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Ó ti tó ọdún bíi mélòó kan. Gbogbo ohun tó wà lórí bàbá ń bá a wọ mọ́tò lọ sílé nìyẹn.

Mo lọ bá a lọ́jọ́ kejì, mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Bàbá gbà láti jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní Sátidé mẹ́ta kó tó lọ, kó fi ohun tó mọ̀ han àwọn ọmọ iṣẹ́, ọmọ Yorùbá ni o, ọmọ Hausa ni o, ọmọ Íbò ni o. Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni. A ò gba owó. Ohun kan ṣoṣo tí bàbá bèèrè fún ni pé kí oníkálukú mú bóòtù kan wá láti ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀, kí a lè jọ ka eyín wọn.

Ẹ̀yin tó wà ní Kánò, Jos, Port Harcourt àti níbòmíràn, ẹ wo àyíká yín. Ta ló ń múra àtilọ sílé lọ́dọ̀ tiyín?