Ọlọ́wẹ̀ Ará Ìsẹ̀

Ní ìlú Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni a bí Ọlọ́wẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1875. Nígbà tí ó ṣì wà ní ọ̀dọ́ ni ó kó lọ sí Ìsẹ̀-Èkìtì, ibẹ̀ ni ó sì gbé títí di ọjọ́ ikú rẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo ayé fi ń pè é ní Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀. Ẹmẹsẹ̀ ni ó kọ́kọ́ jẹ́ ní ààfin Arínjalẹ̀, èyí ni pé ó ń jẹ́ iṣẹ́ tí ọba bá rán an. Ṣùgbọ́n àáké àti ọ̀bẹ ni ó sọ ọ́ di ẹni ńlá. Ó gbẹ́ òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti ìlẹ̀kùn fún Arínjalẹ̀, àwọn tí ó sì wá kí ọba rí wọn, wọ́n sì ròyìn wọn dé ilé. Láìpẹ́, àwọn ọba mìíràn ń ránṣẹ́ pè é. Ibi tí wọ́n bá pè é sí ni yóò máa gbé, ọba ni yóò sì máa bọ́ ọ, títí iṣẹ́ yóò fi parí.

Ọ̀kan nínú àwọn ọba wọ̀nyí ni Ògògà Ìkẹ́rẹ́. Láàárín nǹkan bí ọdún 1910 sí 1914 ni Ọlọ́wẹ̀ ṣiṣẹ́ ní ààfin rẹ̀, níbẹ̀ ni ó sì ti gbẹ́ ìlẹ̀kùn tí òkìkí rẹ̀ kàn kọjá òkun. Aláwẹ́ méjì ni ìlẹ̀kùn náà. Ìtàn tí a fín sí i ni ti ọjọ́ tí ajẹ́lẹ̀ Òyìnbó kan, Kápítènì Ambrose, wá kí Ògògà. Ní awẹ́ kan, ọba jókòó pẹ̀lú adé rẹ̀, olorì sì dúró sẹ́yìn rẹ̀. Ní awẹ́ kejì, wọ́n gbé Òyìnbó náà bọ̀, àwọn aláàárù sì ru ẹrù. Ọ̀pọ̀ agbẹ́gilére a máa jẹ́ kí ère lẹ̀ pẹ́kípẹ́kí mọ́ pákó. Ti Ọlọ́wẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀: ó gbẹ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ yọ síta, orí wọn kúrò lára pákó, bí ẹni pé wọ́n fẹ́ wo ojú ẹni tí ń wọlé. Ìwé ìtàn ni ìlẹ̀kùn náà, àáké ni a sì fi kọ ọ́.

Ní ọdún 1924, àwọn Gẹ̀ẹ́sì pe àpèjọ ńlá kan sí Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù, láti fi ohun tí ó wà ní àwọn ilẹ̀ abẹ́ ìjọba wọn han aráyé. Wọ́n gbé ìlẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́ lọ síbẹ̀. Ní ọdún méjì tí àpèjọ náà fi wà, àwọn ènìyàn tí ó tó nǹkan bí 27,000,000 ni ó wá wò ó. Àwọn alábòójútó British Museum, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá tí ó wà ní ìlú náà, rí ìlẹ̀kùn yìí, wọn kò sì fẹ́ kí ó padà sílé mọ́. Ògògà kò gbà láti tà á fún owó. Àga ọba tí a kàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbà dípò rẹ̀, ìlẹ̀kùn sì di ti Lọ́ńdọ̀nù.

Ǹjẹ́ a lè bá ọba wí? Èmi kì yóò bá a wí. Ìlẹ̀kùn ni ó fi sílẹ̀, agbẹ́gilére rẹ̀ sì wà láàyè nítòsí. Ní àkókò náà, kò sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kankan ní Nàìjíríà. Ọdún 1945 ni a dá èkínní sílẹ̀ ní Ẹsìẹ́, nítorí àwọn ère òkúta ibẹ̀. Ti Lágọ́ọ̀sì ṣí ní ọdún 1957. Òfin tí ó ka kíkó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jáde láìgba àṣẹ léèwọ̀ kò tíì dé nígbà náà. Kí gbogbo èyí tó dé, ikán àti òjò ni wọ́n ń ṣe olùtọ́jú òpó wa.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe kí ikán má jẹ nǹkan nìkan ni a ṣe ń kọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Òpó kan láti ààfin Ìkẹ́rẹ́ kan náà wà ní Chicago ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1984. Ọba jókòó, ẹyẹ bà lé adé rẹ̀, olorì sì dúró lẹ́yìn àga, ó ga ju ọba lọ fíìfíì. Àlejò tí ó ń kọjá lọ yóò dúró, yóò sì bi ara rẹ̀ léèrè ìdí rẹ̀ tí obìnrin fi ga ju ọba. Bí kò bá sí ẹni tí yóò sọ fún un pé ọwọ́ olorì àgbà ni ń gbé adé lé ọba lórí, yóò kàn rí igi ni. Ohun àrà ni ń pe àlejò wọlé. Ìtàn ohun náà ni ń mú un padà wá pẹ̀lú ọmọ rẹ̀.

Ohun àrà kò sì wọ́n lọ́wọ́ Ọlọ́wẹ̀. Igbá ọlọ́mọrí kan tí ó gbẹ́ wà ní Washington: obìnrin kan kúnlẹ̀ gbé e, àwọn ọmọge ń jó lórí ọmọrí, àwọn ère mìíràn sì fi ọwọ́ ti igbá náà láti ìsàlẹ̀. Láàárín wọn ni orí ènìyàn kan wà tí ń yí gbirigbiri, tí ẹnikẹ́ni kò lè yọ jáde. A kò tì í bọ inú rẹ̀. Níbẹ̀ gan-an, nínú igi kan náà, ni ó ti gbẹ́ ẹ.

Ọlọ́wẹ̀ kú ní ọdún 1938. Iṣẹ́ rẹ̀ ti dé òkè òkun kí orúkọ rẹ̀ tó tẹ̀ lé e, nítorí ó ti pẹ́ tí ọ̀pọ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé máa ń kọ orúkọ ẹ̀yà sí abẹ́ ère, tí wọn kì í béèrè ẹni tí ó gbẹ́ ẹ. Àwọn tí ó béèrè ni wọ́n tún orúkọ náà gbé jáde. Ní ọdún 1988, ọ̀kan nínú àwọn aya rẹ̀ ki oríkì rẹ̀ fún John Pemberton, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, a sì mọ̀ láti inú oríkì náà irú ènìyàn tí ọkọ rẹ̀ jẹ́. Ní ọdún 1998, wọ́n kó iṣẹ́ rẹ̀ jọ sí Washington fún àfihàn tí ó jẹ́ tirẹ̀ nìkan, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi pè é.

Ọmọ ilé-ìwé tí ó bá gbéra ní Ìyìn ní òwúrọ̀, bí ó bá gba Adó kọjá, kò ní pẹ́ dé Ìkẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ síbẹ̀, òkun ni yóò là kọjá kí ó tó fi ojú rí i.