Anton de Bary

Heinrich Anton de Bary (ọjọ́ 26 oṣù kìíní ọdún 1831 – ọjọ́ 19 oṣù kìíní ọdún 1888) jẹ́ onímọ̀ nípa ewéko àti oníṣègùn ọmọ ilẹ̀ Jámánì. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ kà á sí baba ẹ̀kọ́ nípa àrùn ọ̀gbìn. Ìlú Frankfurt ni wọ́n bí i sí. Dókítà ni bàbá rẹ̀, òun náà sì kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, ó gboyè ní Berlin ní ọdún 1853. Kò pẹ́ tó fi iṣẹ́ ìṣègùn sílẹ̀, tó sì ń kọ́ni nípa ewéko ní Freiburg, Halle àti Strasbourg.

Lásìkò náà, èrò ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ni pé ojú ọjọ́ búburú ló ń ba ọ̀gbìn jẹ́, àti pé ara ọ̀gbìn tó ti ń jẹrà ni fúngì, ìyẹn ìdílé olú, ti ń hù jáde. De Bary ní òdìkejì rẹ̀ ni òtítọ́: fúngì ló ń kọ́kọ́ wọlé, àrùn a sì tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àríyànjiyàn lásán. Láti ọdún 1845 ni pòtétò ti ń jẹrà lóko ní Ireland. Ìyàn tó tẹ̀ lé e pa nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ènìyàn. Bó bá jẹ́ pé òjò nìkan ló fà á, kí ni àgbẹ̀ lè ṣe sí òjò?

Ní ọdún 1861, ó fi hàn pé bí hóró fúngì náà bá bà lé ewé pòtétò tí ara rẹ̀ le, yóò wọ inú rẹ̀ lọ, yóò sì sọ ọ́ di aláìsàn. Ìtutù àti omi orí ewé kàn ń ṣí ọ̀nà fún un ni. Ní ọdún 1876, ó sọ ọ́ ní Phytophthora, tó túmọ̀ sí apọ̀gbìnrun. Òun kan náà ló ń ba tòmátò jà, èso tí ọ̀pọ̀ ará Èkó ń rà ní ọjà Mile 12 ní Kosofe. Àwọn onímọ̀ òde òní ti yọ ọ́ kúrò nínú ìdílé fúngì, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò yí padà.

Àlìkámà ló tún gba ọ̀pọ̀ àkókò rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí àwọn àgbẹ̀ Yúróòpù ti ń fura pé igi barberry tó bá wà nítòsí oko ló ń fa ìpẹtà sára àlìkámà, tí àwọn ọ̀mọ̀wé kan sì ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ọdún 1865, de Bary fi hóró ìpẹtà sára ewé barberry, ó sì dá àgbẹ̀ láre: fúngì kan ṣoṣo ló ń gbé ara méjèèjì. Á sinmi lára pòròpórò nígbà òtútù. Bí ojú ọjọ́ bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, á bọ́ sára barberry, lẹ́yìn náà á padà sórí àlìkámà. Ní ọdún 1918, Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í hú barberry kúrò nítòsí oko.

Lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ni Millardet, ará Faransé, tó gbé àpòpọ̀ bàbà àti ẹfun jáde ní ọdún 1885 fún àrùn àjàrà. Irú oògùn bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbẹ̀ kòkó ní Oǹdó àti Ọ̀ṣun wá ń fín nígbà òjò, nítorí pé ìdílé Phytophthora náà ló ń sọ èso kòkó di dúdú nígbà tí òjò bá pọ̀, tí oòrùn kò sì ràn.

De Bary náà ló sọ ọ̀rọ̀ nípa àjọgbé ẹ̀dá, symbiosis, di mímọ̀ ní ọdún 1879. Àìsàn jẹjẹrẹ àgbọ̀n ló pa á ní Strasbourg, nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kó pé ẹni ọdún 57.