Lysander Spooner: Lọ́yà Tó Bá Ìjọba Amẹ́ríkà Du Iṣẹ́ Lẹ́tà

Sítáǹpù kékeré kan wà tí àwọn tó ń ṣa sítáǹpù àtijọ́ jọ máa ń wá lójú méjèèjì. Àwòrán ẹyẹ idì ló wà lára rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ American Letter Mail Company. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí i lára pé ogún rẹ̀ jẹ́ dọ́là kan. Ìjọba kọ́ ló ṣe é. Ọdún 1844 ló jáde, ọdún mẹ́ta ṣáájú kí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ṣe sítáǹpù tirẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Ẹni tó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ni Lysander Spooner.

Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ti gbọ́ orúkọ Spooner, ìwé tó kọ lórí oko ẹrú tàbí lórí agbára ìjọba la fi mọ̀ ọ́n. Ní tèmi, sítáǹpù ni mo kọ́kọ́ mọ̀ kí n tó mọ ọkùnrin náà. Mo sì gbà pé ọ̀nà tó dára láti gbà mọ̀ ọ́n nìyẹn, nítorí ohun tó ṣe nídìí lẹ́tà ló ṣe nídìí gbogbo nǹkan yòókù láyé rẹ̀. Á ka òfin fínnífínní, á wá ibi tí agbára ìjọba pin sí, á wá lọ dúró síbẹ̀ ní gbangba.

Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kìíní, ọdún 1808 ni wọ́n bí i ní oko kan nítòsí ìlú Athol, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Ọmọ mẹ́sàn-án ni àwọn òbí rẹ̀ bí, òun ni ìkejì. Iṣẹ́ oko ló bá bàbá rẹ̀ ṣe títí ó fi pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, kó tó lọ sí ìlú Worcester láti kọ́ iṣẹ́ lọ́yà. Láyé ìgbà náà, ọ̀dọ̀ lọ́yà àgbà ni èèyàn ti ń kọ́ iṣẹ́ yìí, bí ẹni ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá. John Davis àti Charles Allen, tí àwọn méjèèjì gbajúmọ̀ nínú òṣèlú, ni ọ̀gá tirẹ̀.

Òfin Massachusetts kò fi ojú kan náà wo gbogbo ọmọ iṣẹ́. Ẹni tó bá ti gboyè ní yunifásítì yóò lo ọdún mẹ́ta lọ́dọ̀ ọ̀gá. Ẹni tí kò gboyè yóò lo márùn-ún. Spooner kò gboyè. Nígbà tí ọdún mẹ́ta pé, ó ṣí ọ́fíìsì tirẹ̀, ó sì kọ̀wé sí àwọn aṣòfin pé òfin tó dá tálákà dúró pẹ́ ju ọmọ olówó lọ kò bójú mu rárá. Ní ọdún 1836, àwọn aṣòfin pa òfin náà rẹ́. Ìjà àkọ́kọ́ tó bá òfin jà nìyẹn, ó sì ṣẹ́gun.

Èyí tó tẹ̀ lé e kò rí bẹ́ẹ̀. Ó kó lọ sí ìpínlẹ̀ Ohio, ó ra ilẹ̀ sí ẹ̀bá odò Maumee, ó ń retí pé owó ilẹ̀ yóò gòkè. Ní ọdún 1837, ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀, owó rẹ̀ sì wọmi. Nígbà tó di 1840, ó ti padà sí oko bàbá rẹ̀. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún nígbà náà, kò lówó lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó mọ ìwé òfin í kà.

Kí ohun tó wá ṣe lẹ́yìn náà tó lè yé wa, ó yẹ ká mọ iye tí wọ́n ń gbà lórí lẹ́tà. Bébà ẹyọ kan tí kò rìn ju 30 máìlì lọ jẹ́ sẹ́ǹtì 6. Bí ó bá kọjá 150 máìlì tí kò sì ju 400 lọ, ó di sẹ́ǹtì 18¾. Bí ó bá ju 400 lọ, sẹ́ǹtì 25 ni. Láti Boston dé New York, sẹ́ǹtì 18¾ nìyẹn. Bí bébà bá di méjì, owó náà di ìlọ́po méjì. Àpòòwé pàápàá, bébà kan ni wọ́n ń kà á sí, ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi máa ń ká lẹ́tà fúnra rẹ̀ bí àpò, tí wọ́n á sì kọ àdírẹ́sì sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tí lẹ́tà ń lọ bá ló sábà máa ń sanwó. Lákòókò kan tí ọ̀pọ̀ lébìrà kì í gbà tó dọ́là kan lójúmọ́, ẹ wo ohun tí lẹ́tà kan láti ọ̀dọ̀ ọmọ tó wà lókèèrè yóò ná ìyá rẹ̀. Àwọn aṣòfin ní tiwọn kì í sanwó lẹ́tà wọn. Owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n sì ń gbà lórí ìwé ìròyìn, tó fi jẹ́ pé ẹni tó ń kọ lẹ́tà ló ń ru ẹrù tí àwọn yòókù kò rù.

Rélùwéè àti ọkọ̀ ojú omi tó ń lo ooru ti dé, ìrìn àjò ti yá, kò sì wọ́n bíi ti tẹ́lẹ̀. Àwọn oníṣòwò rí àyè náà. James W. Hale ń kó lẹ́tà kiri láàárín àwọn ìlú ńlá ìlà-oòrùn ní owó pọ́ọ́kú. Henry Wells, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára Wells Fargo títí dòní, bá George Pomeroy kó lẹ́tà lọ sí ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ New York. Nínú ìlú New York fúnra rẹ̀, ilé iṣẹ́ City Despatch Post ti tẹ sítáǹpù alátẹ̀mọ́wèé àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1842. Kì í ṣe Spooner ló kọ́kọ́ ronú rẹ̀, a kò sì gbọ́dọ̀ sọ pé òun ni.

Ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni pé kò yọ́ ọ ṣe. Kí ilé iṣẹ́ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1844, ó ti kọ̀wé sí olórí ilé ìfìwéránṣẹ́ ìjọba, ó sọ ohun tó fẹ́ ṣe fún un, ó sì fi ìwé kékeré kan ránṣẹ́ tó ṣàlàyé ìdí tí òfin kò fi lè dá òun dúró. Ó ṣí ọ́fíìsì sí Boston, New York, Philadelphia àti Baltimore. Lẹ́tà tí kò bá wúwo ju ìdajì áúnsì lọ jẹ́ sẹ́ǹtì 6¼. Ẹni tó bá ra ogún sítáǹpù pọ̀, dọ́là kan ni yóò san, èyí tó mú ẹyọ kan wá sí sẹ́ǹtì 5. Ìwọ̀n ló ń wò, kì í ka bébà. Ẹni tó ń ránṣẹ́ ló sì ń sanwó, kí lẹ́tà tó kúrò nílẹ̀.

Àwíjàre rẹ̀ rọrùn láti tẹ̀ lé. Nínú àdéhùn tí àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà kọ́kọ́ fi so ara wọn pọ̀, wọ́n kọ ọ́ pé ìjọba àpapọ̀ nìkan ló ní àṣẹ láti dá ilé ìfìwéránṣẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ ìwé òfin tuntun ní 1787, wọ́n fún ìjọba ní àṣẹ náà, ṣùgbọ́n wọn kò kọ nìkan mọ́ ọn. Spooner ní bí wọ́n ṣe fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ nítumọ̀. Ìjọba lè gbé lẹ́tà, kò sì lè sọ pé kí ẹlòmíì má gbé e. Ó fi kún un pé bí òfin bá fún èèyàn lómìnira láti sọ̀rọ̀, kò yẹ kó gba ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ náà yóò gbà dé ọ̀dọ̀ ẹni tó jìnnà.

Aáyán fẹ́ jó, adìẹ ni kò jẹ́. Ìjọba kò dá a lóhùn bí ẹni ń bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jiyàn. Wọ́n ń mú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà, wọ́n ń pè wọ́n lẹ́jọ́ ní ìlú kan lẹ́yìn òmíì, wọ́n sì ń halẹ̀ mọ́ àwọn ilé iṣẹ́ rélùwéè pé àwọn yóò gba iṣẹ́ ìjọba lọ́wọ́ wọn bí wọ́n bá ń gbé àwọn oníṣẹ́ aládàáni. Spooner kò lówó tí yóò fi máa san lọ́yà àti owó ìtanràn títí lọ. Kí ẹjọ́ tó lè dé ibi tó fẹ́ kó dé, àpò rẹ̀ ti gbẹ.

Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta ọdún 1845, ilé aṣòfin ṣe òfin kan tó ṣe ohun méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó gé owó lẹ́tà sí sẹ́ǹtì 5 fún ìdajì áúnsì tí kò bá rìn kọjá 300 máìlì, àti sẹ́ǹtì 10 bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀. Ó sì ti ilẹ̀kùn pátápátá mọ́ ilé iṣẹ́ aládàáni tó ń kó lẹ́tà láti ìlú kan sí òmíì. Nígbà tí òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù keje, ilé iṣẹ́ Spooner ti kógbá sílé, Hale náà sì ti dáwọ́ dúró. Ní ọdún 1851, owó náà tún já sí sẹ́ǹtì 3 fún ẹni tó bá san án ṣáájú.

Àwọn kan máa ń pe Spooner ní bàbá owó lẹ́tà pọ́ọ́kú ní Amẹ́ríkà. Mo rò pé oríyìn náà pọ̀ jù fún ẹnì kan ṣoṣo. Àpẹẹrẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí Rowland Hill ti mú lẹ́tà wá sí pẹ́nì kan ní 1840, wà níwájú gbogbo èèyàn, lẹ́tà tí Hale sì kó pọ̀ ju tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ fi owó tí ìjọba ń gbà ní 1844 wé èyí tí wọ́n ń gbà ní 1845. Sẹ́ǹtì 5 fún ìdajì áúnsì tí ìjọba mú, iye tó wà lára sítáǹpù Spooner gan-an ni. Wọ́n gba ọgbọ́n rẹ̀, wọ́n sì lé e kúrò lọ́jà. Àwọn tó ń kọ lẹ́tà jèrè. Ẹni tó jà fún un kò rí kọ́bọ̀ níbẹ̀.

Kò jókòó káàánú ara rẹ̀. Ní ọdún 1845 kan náà, ó gbé ìwé jáde pé ìwé òfin Amẹ́ríkà kò fi àyè gba oko ẹrú. Ọ̀nà kan náà ló gbà: ohun tí wọ́n kọ ló wò, kò wo ohun tí àwọn èèyàn rò pé wọ́n kọ. Kò sí ọ̀rọ̀ ẹrú nínú ìwé òfin náà, ó sì ní a kò lè fi ohun tí wọn kò dárúkọ gba òmìnira ọmọ ènìyàn. Wendell Phillips, tó ń jà fún àwọn ẹrú bíi tirẹ̀, ta kò ó gidigidi. Ṣùgbọ́n ní 1851, Frederick Douglass, tó ti oko ẹrú sá jáde, yí èrò rẹ̀ padà, ó sì dárúkọ Spooner mọ́ àwọn tí ìwé wọn là á lójú.

Nígbà tí wọ́n dájọ́ ikú fún John Brown ní ọdún 1859, Spooner wà lára àwọn tó gbèrò láti jí gómìnà ìpínlẹ̀ Virginia gbé kí wọ́n lè fi gba Brown padà. Èrò náà kò bọ́ sí i. Láàárín 1867 sí 1870, ó kọ àwọn ìwé tó mú orúkọ rẹ̀ tàn kálẹ̀ jù, níbi tó ti sọ pé ìwé òfin náà kò de ẹnikẹ́ni mọ́, nítorí kò sí ẹni tó wà láàyè tó fọwọ́ sí i. Kò fẹ́yàwó, kò sì lówó. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù karùn-ún ọdún 1887 ló kú ní Boston, ní ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí sítáǹpù, nítorí ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ fún àwa tó ń ṣe ìwádìí. Kò pẹ́ tí ṣíṣa sítáǹpù jọ gbòde ní àwọn ọdún 1860 ni àwọn kan rí i pé ọjà ńlá ni sítáǹpù ilé iṣẹ́ aládàáni. S. Allan Taylor ní Boston tẹ ayédèrú rẹ̀ lóríṣiríṣi, títí kan ti ilé iṣẹ́ tí kò sí rí. George Hussey ní New York náà tẹ àdàkọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀. Ìdí nìyí tí sítáǹpù nìkan, tí wọ́n ti ṣí kúrò lára lẹ́tà, kò fi tẹ́ àwọn tó mọ iṣẹ́ náà lọ́rùn. Odindi lẹ́tà tí sítáǹpù ṣì wà lára rẹ̀ ni wọ́n ń wá. Wọ́n á wo déètì bóyá ó bọ́ sí àkókò tí ilé iṣẹ́ náà fi ṣiṣẹ́. Wọ́n á wo ìlú tó ti wá àti ibi tó ń lọ, bóyá ọ̀nà ilé iṣẹ́ náà ni. Wọ́n á wo òǹtẹ̀, wọ́n á wo bóyá ìlà kálámù tí wọ́n fi pa sítáǹpù rẹ́ kọjá sórí bébà. Bí gbogbo rẹ̀ bá bára mu, lẹ́tà náà á tó ẹlẹ́rìí.

Ohun tí irú ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀ ń sọ kò sí nínú àríyànjiyàn àwọn lọ́yà. Ìwé Spooner sọ fún wa pé ó ní ẹ̀tọ́ láti gbé lẹ́tà. Bébà tí wọ́n ká, tí sítáǹpù idì wà lára rẹ̀, sọ pé oníṣòwò kan ní New York tàbí ọmọ kan tó jìnnà sílé gbà pẹ̀lú rẹ̀, ó fi sẹ́ǹtì márùn-ún sílẹ̀, ó gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lé ẹni tí ìjọba ń lé kiri lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ náà sì dé ibi tó ń lọ.