Ta ni Túndé King, aṣíwájú orin jùjú tó fi báńjò dárà l'Ékòó?

Lónìí, ẹni tó bá fẹ́ tún ohùn báńjò ṣe kò nílò ju fóònù lọ. Yóò ta okùn kan, fóònù náà yóò sì fi hàn án bóyá ohùn náà ròkè jù tàbí ó lọ sílẹ̀. Ní ti Abdulrafiu Babátúndé King, etí rẹ̀ ni òṣùwọ̀n.

Ọdún 1910 ni wọ́n bí i l'Ékòó, sínú ìdílé Mùsùlùmí láàrin àwọn Sàró. Báńjò olókùn mẹ́fà ló ń ta, èyí tí wọ́n máa ń to ohùn rẹ̀ bíi ti gìtá. Awọ ló bo ojú irú báńjò bẹ́ẹ̀ láyé ìgbà náà. Bí ọ̀rinrin bá mú awọ, á dẹ̀, ohùn okùn á sì yẹ̀. Olórin gbọ́dọ̀ tún un fà kí eré tó máa lọ.

Lọ́dún 1936, King gba orin sílẹ̀ fún iléeṣẹ́ Parlophone, orúkọ jùjú sì mọ́ orin náà lórí. Síbẹ̀, kò jókòó jẹ èrè rẹ̀. Ó wọṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n sì ń gbúròó rẹ̀ ní èbúté Dakar àti Conakry.

Ọdún 1954 ló padà sí Èkó. Gìtá oníná ti wọnú jùjú nígbà náà. Oko tó ṣán, ẹlòmíràn ti gbin iṣu sí i.

Ó papòdà láàrin ọdún 1980 sí 1989. Ohùn tí etí rẹ̀ tò ṣì wà nínú àwo.